Ẹsẹ̀ Ni Wọ́n Ní Ká Fi Rìn Láàárín Kìnnìún

Ilé Olóògbé Akínwándé,
Ẹ̀yìn Ọjà,
Erin-Ìjẹ̀ṣà.

Tẹjúmádé, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí Délé ọkọ rẹ, mo kí Tìmílẹ́yìn ọmọ ọmọ mi tó máa ń fi gẹ̀ẹ́sì dá mi lóhùn tí mo bá fi Yorùbá kí i. Ṣé ara yín le? Ṣé òtútù ibẹ̀ ti rọlẹ̀? Àwa níhìn-ín wà láàyè, à ń jẹ, à ń sùn, orúnkún nìkan ló ń ṣàròyé. Ọlọ́run tó ti ń ṣọ́ yín ní Johannesburg láti ọdún mẹ́wàá kò ní gbé ìṣọ́ náà fún ẹlòmíràn. Bí ẹ ṣe ń sọ̀kalẹ̀ láti àjà kẹfà yẹn ní Berea láràárọ̀, bẹ́ẹ̀ lẹ ó máa fi ẹsẹ̀ yín méjèèjì gùn ún padà nírọ̀lẹ́. Àmín.

Ìwé ni mo kọ, mi ò fi ohùn ránṣẹ́ lórí fóònù, nítorí ohùn tí mo fi ránṣẹ́ lọ́jọ́sí nípa ìgbẹ́ tí mi ò rí yà fún ọjọ́ mẹ́rin, inú ṣọ́ọ̀ṣì lo ti tẹ̀ ẹ́, gbogbo ìjọ yín nínú gbọ̀ngàn yẹn sì bá mi ṣe àmín. Rodiat tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Iléṣà ló máa ya ìwé yìí ní fọ́tò, tí yóò fi í ránṣẹ́ sí ọ. Mo ti ní kó dijú tó bá ń yà á. Rodiat, tí o bá ń ka ibí yìí, o ti jẹ̀bi.

Mo rí ètò ìrìn àjò tí o ṣe. O ní o kò lè máa ṣètò ìgbádùn fáwọn òyìnbó lójoojúmọ́ ní ọ́fíìsì yín ní Newtown, kí ìyá rẹ má sì mọ ibì kan ju ọ̀nà oko lọ. Mo dúpẹ́, ọmọ á tọ́jú ìwọ náà. O ní màá wọ bàálù dé ọ̀dọ̀ yín, màá sinmi, lẹ́yìn náà àwa mẹ́ta á lọ sí Zambia, ọjọ́ mẹ́ta nínú igbó, ọjọ́ méjì létí omi ńlá tó ń já látòkè. Gbogbo rẹ̀ ló yé mi àfi ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹsẹ̀ la ó fi rìn nínú igbó náà. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹsẹ̀ ni wọ́n kọ.

Mo wá sọ fún ara mi pé ọkọ̀ Délé ti bàjẹ́, ẹ sì ń fi pamọ́ fún mi kí n má bàa dààmú. Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wòlíì wa fi ṣe àdúrà ọjọ́rú, wọ́n fi wákàtí kan gbáko bẹ Ọlọ́run lórí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ àna mi, aríran kan sì ríran pé òun rí ọkọ̀ náà tó dúró sójú ọ̀nà, tí nǹkan kan tó ní ojú pupa dá a dúró. Ìgbà tí mo pe Délé, tó ní ọkọ̀ òun kò ṣe nǹkan kan, pé róbọ́ọ̀tì nìkan ló dá òun dúró láàárọ̀ yẹn, ni ẹ̀rù wá bà mí gan-an. Ó ṣàlàyé pé iná ojú pópó ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Èmi gbà. Aríran wa kò gbà, ó ní òun mọ ohun tí òun rí.

Délé náà ló là á yé mi pé ńṣe làwọn ènìyàn ń sanwó kí wọ́n lè fi ẹsẹ̀ rìn láàárín erin àti kìnnìún, pé ọkùnrin kan á gbé ìbọn ṣíwájú, àwọn yòókù á tò tẹ̀lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sáré, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Tẹjúmádé, nígbà tó o wà ní kékeré, tí mo bá ní kó o bá mi dé oko kòkó, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í run ọ́. Kò sí kìnnìún lóko wa, ọ̀kẹ́rẹ́ ló wà níbẹ̀. Ní báyìí o ń sanwó. Ìwọ yìí kan náà lo sọ fún mi pé tí ẹ bá ń rìn ní àdúgbò yín, abẹ́ aṣọ lẹ ń fi fóònù sí, ẹ kì í wọ̀tún, ẹ kì í wòsì. Ó jọ pé kìnnìún lẹ fọkàn tán. Ọ̀rọ̀ pé ká má sọ̀rọ̀ yẹn ló sì le jù lára mi. Tí mo bá rí erin, ta ni màá sọ fún?

Wọ́n tún kọ ọ́ pé ká má wọ funfun. Mo bi Wòlíì bóyá sùtánà wà lára rẹ̀, ó ní Dáníẹ́lì kò pààrọ̀ aṣọ kó tó wọ ihò kìnnìún. Mo ní Dáníẹ́lì kò sanwó. Ní ti omi tó ń já yẹn, o ní èéfín tó ń sán bí àrá ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é, pé omi á rin wá gbingbin, ṣùgbọ́n wọ́n á yá wa ní aṣọ òjò. Ìyẹn ni pé a ó sanwó kí omi lè pa wá, a ó sì tún wọ aṣọ kí omi má bàa pa wá. Mo gbà, ìwọ lo mọ iṣẹ́ rẹ.

Fọ́ọ̀mù ló fẹ́ pa mí. Ti físà ní kí n lọ gba stétimẹ́ǹtì ní báǹkì. Mo ti mọ stétimẹ́ǹtì láti ìgbà tí ọlọ́pàá mú bàbá rẹ lórí ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀, nítorí náà mo múra sílẹ̀. Mo jókòó síwájú ọmọbìnrin kan ní báǹkì, mo ní èmi Ìbídùn Akínwándé, ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin, mi ò jalè rí, kòkó tiwa nìkan ni mo ń tà. Mo sọ ọ́ títí dé ọjọ́ tí mo bí ọ. Àwọn tó tò sẹ́yìn mi ti wá ibi jókòó sí. Ọmọ náà gbọ́ ọ dópin, Ọlọ́run á bù kún un, ó wá ní nọ́ńbà àkáǹtì nìkan ni òun fẹ́. Ó tẹ ìwé kan jáde tó gùn tó apá mi. Tẹjú, gbogbo ọjọ́ tí mo gba owó àti gbogbo ọjọ́ tí mo ná an ló wà níbẹ̀. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ń ṣọ́ mi.

Fọ́ọ̀mù kejì, ti àwọn tó ní àgọ́ inú igbó náà, ń béèrè bí mo ṣe wúwo tó. O ní nítorí bàálù kékeré tó máa gbé wa wọlé ni. Mo gbà, ṣùgbọ́n ọkàn mi sọ pé kìnnìún ló fẹ́ mọ̀. Mo lọ gun òṣùwọ̀n Abdulrazaq tó ń ra kòkó. Abdulrazaq wò ó, ó yọ kílò mẹ́ta kúrò, ó ní mi ò tíì gbẹ dáadáa. Èyí tó kù ni mo kọ.

Ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀mù náà ló wá dá mi dúró. Wọ́n ní tí ẹranko bá ṣe mí léṣe, tàbí tí mo bá kú, ọwọ́ àwọn mọ́, kí n buwọ́ lù ú. Mo buwọ́ lù ú, ó kéré tán wọ́n sọ òótọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n kọ orúkọ ẹnì kan nínú ẹbí tí kò ní bá wa lọ, tí wọ́n lè pè nígbàkígbà. Ìwọ ń bá mi lọ, Délé ń bá mi lọ, Tìmílẹ́yìn ṣì kéré. Ọjọ́ méjì ni mo fi jókòó tì í. Ẹnì kan ṣoṣo tí fóònù rẹ̀ kì í kú nínú ẹbí wa níbí ni àǹtí rẹ Fọlákẹ́mi, àbúrò bàbá rẹ, tó ní sólà lórí òrùlé, tí ògiri kan ṣoṣo pààlà èmi àti ẹ̀, tí a kò sì tíì kí ara wa láti ọdún méjì, láti ọjọ́ ìsìnkú bàbá rẹ.

O mọ ohun tó sọ lọ́jọ́ náà, àwọn ènìyàn ti gbé e dé etí rẹ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó dìde láàárín àlejò, ó ní ọmọ tó ń jayé ní South Africa kò lè wá da iyẹ̀pẹ̀ sára bàbá rẹ̀. Mo ṣàlàyé pé ìwé ìgbélùú rẹ ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba ibẹ̀ nígbà náà, pé tó o bá jáde kí wọ́n tó fún ọ, wọn kò ní jẹ́ kó o wọlé mọ́. Kò gbọ́. Láti ìgbà náà, ẹ̀yìnkùlé ni mò ń gbà lọ sọ́jà kí n má bàa fojú kàn án.

Mo wẹ̀, mo wọṣọ, mo mú fọ́ọ̀mù náà, mo lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó ṣí i, ó wò mí bí ẹni pé èmi gan-an ni erin. Mo ní ẹ káàárọ̀. Mo ní mo fẹ́ kó jẹ́ ẹni tí wọ́n á pè tí erin bá tẹ̀ mí mọ́lẹ̀. Ó gba fọ́ọ̀mù náà, ó wá awò ojú rẹ̀, ó kà á látòkè délẹ̀, ó wá bi mí pé erin wo. Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó ní òun á gbà, ṣùgbọ́n òun kò ní jókòó sílé máa retí ìpè lórí ẹni tí kò tíì dán ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wò. Ó ní ìyàwó òun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gun Olúmirin, omi tiwa tó ń já lẹ́yìn ìlú yìí, tí ìwọ Tẹjúmádé kò gùn kọjá ìpele kìíní rí nítorí bàtà.

A lọ ní Sátidé, àwa méjèèjì, kí oòrùn tó mú. Àwọn tó ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà bi wá bóyá a ṣìnà ni. A gun àtẹ̀gùn dé ìpele kìíní, a bọ́jú, a sinmi. Láti ibẹ̀ lọ kò sí àtẹ̀gùn mọ́, gbòǹgbò igi la dì mú. Mò ń ti Fọlákẹ́mi nídìí, òun náà ń fà mí lọ́wọ́. Ó ṣubú, mo rẹ́rìn-ín. Èmi náà ṣubú, ẹ̀rín tirẹ̀ sì pẹ́ ju tèmi lọ. Nígbà tí a dé ìpele kejì, a jókòó sórí àpáta, a tú àkàrà tí mo dì, omi ń ta sí wa lára.

Ibẹ̀ ló ti sọ ọ́. Kò wojú mi, omi ló ń wò. Ó ní ní ọjọ́bọ̀ tí mo lọ ra oògùn ní Iléṣà, bàbá rẹ bẹ òun pé kí òun pè ọ́ lórí fóònù, pé wọ́n fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ. Ó ní òun sọ fún wọn pé kó di ọ̀la, tí ara wọn bá le díẹ̀, kí wọ́n má fi ohùn àìsàn já ọ láyà. Nígbà tó di ọ̀la, wọn kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà tó di ọ̀túnla, wọ́n kú. Ó ní lọ́jọ́ ìsìnkú, ẹ̀rù ń ba òun pé ẹnì kan á béèrè bóyá bàbá rẹ dárúkọ rẹ, ìdí nìyẹn tí òun fi tètè pariwo lé ọ lórí kí ẹnikẹ́ni tó béèrè.

Tẹjú, inú bí mi gan-an. Ó wù mí kí n gbá a létí. Ṣùgbọ́n a ti gòkè jù, ọwọ́ rẹ̀ náà ni màá sì dì mú sọ̀ kalẹ̀. Mo jẹ́ kó sunkún tán, mo fún un ní àkàrà tó kù. Mo ní ẹnu ara rẹ̀ ló máa fi sọ fún ọ. Ó ní ẹ̀rù rẹ ń ba òun ju ti kìnnìún lọ. Ìdí la fi wọ́ sọ̀ kalẹ̀, ìró mi sì ya.

Èyí tí mo torí rẹ̀ kọ ìwé nìyí: bàbá rẹ béèrè rẹ. Wọn kò bínú sí ọ. Ọdún méjì ni mo fi rò pé wọ́n lọ láìdárúkọ rẹ, mi ò sì jẹ́ kó o mọ̀ pé mo rò bẹ́ẹ̀.

Ní báyìí, fi owó ránṣẹ́ fún bàtà tó lè di àpáta mú, ẹsẹ̀ méjì-méjì fún ènìyàn méjì, nítorí Fọlákẹ́mi ti ní òun kì í ṣe ẹni à ń pè mọ́, òun náà ń bọ̀. Wá fọ́ọ̀mù fún un. Owó ìró kan wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, mi ò dá iye lé e, ojú rẹ ni mò ń wò. Àmọ́ kó o tó ṣe gbogbo ìyẹn, pè é. Nọ́ńbà rẹ̀ kò yí padà. Láti Sátidé ló ti ń gbé fóònù náà kiri, ó gbé e wọ balùwẹ̀ lánàá. Má ti ibi ọ̀rọ̀ bàbá rẹ bẹ̀rẹ̀, kọ́kọ́ béèrè orúnkún rẹ̀. Tó bá wù ọ́ kó o bínú, bínú, o lẹ́tọ̀ọ́ sí i, ṣùgbọ́n má pa fóònù náà kó tó sọ tán.

Ọlọ́run á la ọ̀nà yín. Ẹsẹ̀ yín kò ní yọ̀, ilé kò ní jìnnà sí yín. Lọ́jọ́ tí ìwọ àti Délé bá sì dàgbà, tí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ohùn ọmọ yín, ọjọ́ náà gan-an lẹ ó gbọ́ ọ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ìbídùn Akínwándé.