Ẹja Onírùngbọ̀n Tí Mo Gbé Lọ sí Magodo

Ọjọ́ Ajé, 5 oṣù Karùn-ún, 2025

Ìyálé, abo ẹja mi, ti yé. Ẹyin pupa rúsúrúsú bí epo, wọ́n lẹ̀ mọ́ra wọn nínú páìpù tí mo gé sínú táǹkì ẹja. Wọn ò dín ní ogójì. Baba, akọ rẹ̀, ti fi ara dí ẹnu páìpù, ó ń fi lẹbẹ fẹ́ wọn. Ìyálé ti bá tirẹ̀ lọ. Akọ ló ń tọ́mọ nínú ẹja yìí.

Pílẹ́kò ni wọ́n ń pè wọ́n. Ẹja dúdú tó ń fi ẹnu lẹ̀ mọ́ gíláàsì, tí irùngbọ̀n akọ hù sí imú dípò àgbọ̀n. Oníbàárà mi kan tó ń lọ Kánádà ló kó tọkọtaya yìí fún mi, táǹkì àti gbogbo rẹ̀, nítorí kò rí ẹlòmíì tó fẹ́ wọn. Àwọn ará ilé ní wọ́n burẹ́wà. Kí wọ́n máa wí.

Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí wọ́n yé. Iná tó ń lọ ló ba méjì àkọ́kọ́ jẹ́. Aliyah nìkan ni mo sọ fún.

Ìṣẹ́gun, 6

Tíráńsífọ́mà àdúgbò bú gbàmù láàárọ̀. Pọ́ǹpù tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi kú. Mo ń fi kọ́ọ̀bù bu omi, mo ń dà á padà láti òkè kí afẹ́fẹ́ lè wọ̀ ọ́. Wákàtí méjì. Apá ń ro mí. Yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé wà lórí máṣíìnì, mi ò rán ẹyọ kan. Wọ́n ní ó lè tó oṣù kan kí iná tó dé.

Aliyah pè. Ó ní, "Sister mi, ẹ gbé wọn wá sọ́dọ̀ mi. Iná kì í lọ níbí." Àbúrò mi nìyẹn. Mo sunkún díẹ̀ lẹ́yìn tó gbé fóònù sílẹ̀. Ayọ̀ ni.

Ọjọ́rú, 7

Káyọ̀dé ọkọ rẹ̀ rán dírẹ́bà wá kó táǹkì àti Ìyálé. Mo gbé Baba àti páìpù rẹ̀ papọ̀ sínú rọ́bà olómi, mo fi àtẹ́lẹwọ́ dí ẹnu páìpù láti Ketu dé Magodo. Kò jáde. Kò fi ẹyin sílẹ̀.

Inú Káyọ̀dé dùn. Ó ní kí wọ́n gbé táǹkì síbi tí àlejò á ti máa rí i. Mo pọn omi kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta sí bálíkónì wọn. Omi tó bá ti dúró ọjọ́ méjì nìkan ni kí wọ́n máa fi kún un. Káyọ̀dé ń da oògùn sí omi ilé yẹn kó lè mọ́. Ó ń ta ni nímú, ó sì lè pa ẹja. Mo sọ ọ́ fún Aliyah lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní òun ti gbọ́.

Ẹtì, 9

Géètì ẹ́sítéètì wọn. Bí onílé ò bá fi kóòdù ránṣẹ́, kò sí wíwọlé. Aliyah ò gbé fóònù. Ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta nínú oòrùn, kùkúmbà tí mo rà fún wọn ní Mile 12 wà nínú láílọ́ọ̀nù lọ́wọ́ mi. Gáàdì ní, "Ìyá, ẹ yẹra fún mọ́tò." Nígbà tí Aliyah pè padà, ó ní òun sùn lọ ni.

Àìkú, 11

Ẹyin ti pa. Ìrù wẹ́wẹ́ ń gbọ̀n nínú páìpù, oúnjẹ wọn ṣì so mọ́ wọn nínú bí àpò pupa. Mo kà dé mọ́kàndínlógójì, ojú mi dà rú. Baba ò tíì jẹun láti ọjọ́ Ajé. Mo dọ̀bálẹ̀ sórí táìlì wọn, mo ń wò ó. Aliyah dọ̀bálẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. A ń rẹ́rìn-ín bí ìgbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ.

Ọjọ́bọ̀, 15

Àwọn ọmọ ti ń jáde, wọ́n lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Aliyah gbé fídíò wọn sí sítátọ́ọ̀sì fóònù rẹ̀. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé Káyọ̀dé òun ló sìn wọ́n. Mo wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́rin.

Àbámẹ́ta, 17

Mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́ bó ṣe rí, kí n má baà fi kún un.

Wọ́n ní àlejò, tọkọtaya méjì láti ibi iṣẹ́ Káyọ̀dé. Èmi wà lórí ìkúnlẹ̀ nídìí táǹkì, mo ń fi rọ́bà tín-ín-rín fa ìgbẹ́ ẹja jáde, aṣọ iṣẹ́ ló wà lọ́rùn mi. Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó náà béèrè pé ta nìyí. Aliyah ò yíjú. Ó ní, "Obìnrin tó ń bá wa tọ́jú ẹja ni. Ó máa tó ṣe tán."

Ó. Kò ní "wọ́n". Ọmọ tí mo pọ̀n. Àwa ará Ìsẹ́yìn kì í pe ẹ̀gbọ́n bẹ́ẹ̀, bí inú ti wù kó bí wa tó.

Mo ṣe tán. Mo fọ ọwọ́ mi. Mo kí wọn pé ó dàbọ̀, àwọn àlejò sì dáhùn dáadáa. Aliyah ń wo ife ọwọ́ rẹ̀.

Àìkú, 18

Mi ò lọ.

Ọjọ́ Ajé, 19

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Aliyah nígbà tí Ìyá wa kú. Èmi jẹ́ mọ́kàndínlógún. Wọ́n ti gbà mí sí iléèwé àwọn olùkọ́. Mi ò lọ. Mo mú un wá sí Ketu, mo kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Èmi ni mo fa eyín rẹ̀ àkọ́kọ́ yọ. Aṣọ tó wọ̀ lọ́jọ́ tó gboyè, èmi ni mo rán an.

Mi ò kà á sí i lọ́rùn rí. Òní ni mo ń kà á.

Ó tẹ àtẹ̀jíṣẹ́: "Sister, ẹ ò wá mọ́? Ẹja ń wá yín." Kò sọ ohun kan nípa ọjọ́ Sátidé. Mi ò fèsì.

Ọjọ́rú, 21

Aago méjì kọjá díẹ̀ lọ́sàn-án. Àtẹ̀jíṣẹ́ Aliyah wọlé. Káyọ̀dé ní omi táǹkì ti dọ̀tí, ó ní kí ẹni tó ń fọlé da gbogbo rẹ̀ nù, kó fa omi ẹ̀rọ sí i. Ẹja ń gbókè gbódò, wọ́n ń ya ẹnu lójú omi. "Sister mi, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?"

Mo mọ ohun tó máa ṣe. Gbólóhùn kan ni: kó wọn sínú omi kẹ́ẹ̀gì tó wà ní bálíkónì. Bẹ́ẹ̀ ni kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo ti fóònù sábẹ́ aṣọ tí mo gé. Mo mú abẹ́rẹ́. Mo rán bọ́tìnnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́sàn-án. Fóònù ń gbọ̀n lábẹ́ aṣọ, ó ń dákẹ́, ó tún ń gbọ̀n. Mo ń sọ lọ́kàn mi pé kó pe obìnrin tó ń bá wọn tọ́jú ẹja.

Aago márùn-ún kù díẹ̀ ni mo pè é. Ó gbé e. Mo gbọ́ bó ṣe ń mí.

Ọjọ́bọ̀, 22

Mo lọ. Aliyah ti ṣí kóòdù sílẹ̀ fún mi, gáàdì ò bi mí ní nǹkan kan.

Àwọn ọmọ wà ní ìsàlẹ̀ táǹkì bí ìrẹsì tó dànù. Baba wà nínú páìpù, ó ti le gbagidi, orí rẹ̀ kọjú síta. Mi ò lè fà á jáde. Mo gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì.

Ìyálé wà láàyè. Aliyah ló bu omi inú ike tí wọ́n ń mu sínú abọ́, tó gbé e sí i. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ó ní ọ̀kan yẹn nìkan ni ọwọ́ òun lè bá. Àwọn yòókù ti ń dojú dé.

Mo ní iná ni kò sí, mo ní fóònù mi kú.

Ó wò mí. Ojú rẹ̀ wú. Ó ní, "Sister, àmì abẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́ mi yí padà sí búlúù. Ẹ kà á lójú ẹsẹ̀. Mo jókòó tì í, mo ń dúró kí ẹ kọ̀wé."

Mo yíjú sí abọ́ Ìyálé.

Ó ní, "Nítorí ọ̀rọ̀ ọjọ́ Sátidé ni?"

Ó mọ̀, nígbà náà. Láti ọjọ́ náà ló ti mọ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ní ojú ti òun níwájú àwọn èèyàn yẹn. Ó ní òun fẹ́ wá bẹ̀ mí, òun ò mọ ibi tí òun máa gbà bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ṣùgbọ́n èmi ni mo ṣẹ̀ yín. Kí làwọn ẹja ṣe?"

Kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, ǹ bá pariwo padà.

Mo fi ìdérí bo abọ́ Ìyálé, mo gbé e kí n máa bá a lọ sílé. Aliyah di abọ́ náà mú. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n má bínú. Ó ní òun ò lè fi í lé mi lọ́wọ́.

Mo gbé e kalẹ̀.