Búrẹ́dì Tí O Gé Jẹ Kí O Tó Lọ

Mohira, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú ìwé, mo kí ọ kú òtútù Táṣíkẹ́ntì. Ṣé ara le? Ṣé ò ń jẹun? Bàbá rẹ ń kí ọ, màlúù ń kí ọ, igi èso ẹ̀yìnkùlé ti yọ òdòdó. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká fi ojú sunkún ara wa. Àlàáfíà la wà, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀ rárá, ìwọ lo sì fà á.

Ṣé o rántí ohun tí o sọ nínú fóònù nípa iṣẹ́ dókítà tí ò ń kọ́? O ní àwọn òṣìṣẹ́ kan wà nínú itọ́ tí wọ́n ń gé búrẹ́dì sí wẹ́wẹ́ títí á fi di ṣúgà, pé bí wọ́n bá dé ikùn, omi kíkan ibẹ̀ á dá wọn dúró, àwọn mìíràn á wá gba iṣẹ́ náà ṣe nínú ìfun. Bàbá rẹ ní irọ́ ni. Ó bá ju búrẹ́dì sẹ́nu, ó ń rún un, kò gbé e mì, àlejò wọlé wá kí i, kò lè dáhùn, ó kàn ń mi orí bí alángbá. Nígbà tó yá ó ní àṣé òótọ́ ni, ó ti ń dùn.

Ibẹ̀ ni àyà mi ti já. Búrẹ́dì tí o gé jẹ lọ́jọ́ tí ò ń lọ, tí mo so mọ́ ògiri bí àṣà wa kí o lè padà wá jẹ ìyókù, ṣebí itọ́ rẹ wà lára rẹ̀! Láti ìgbà ìkórè òwú làwọn òṣìṣẹ́ rẹ ti wà níbẹ̀, ògiri ò sì ní ikùn tó máa dá wọn dúró. Mo sáré lọ wò ó, mo bá èèrà tí wọ́n tò bẹẹrẹ síbi tí eyín rẹ ti gé e gan-an. Kí lèèrà ń wá bí kì í bá ṣe ṣúgà? Mo figbe ta. Bàbá rẹ gbé wàrà kíkan dé, ó fẹ́ dà á lé e lórí kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ lè ṣíwọ́ bíi ti inú ikùn. Mo já abọ́ gbà, mo ní Bàbá Mohira, ẹ jọ̀ọ́, ta ló máa jẹ búrẹ́dì kíkan?

Mo pè ọ́, mo gbé búrẹ́dì náà sójú fóònù kí o lè pàṣẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ, ẹ̀rín lò ń rín. Má rẹ́rìn-ín. O ṣáà mọ ọmọ Bibisora aládùúgbò wa tó lọ sí Rọ́ṣíà. Eku ló jẹ búrẹ́dì tirẹ̀ tán lára ògiri. Ìṣó lásán ló kù, ìyá rẹ̀ ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà á yọ. Ọmọ náà ò tíì dé dòní. Ìwọ náà, bó o bá ní ò ń bọ̀ lẹ́yìn ìdánwò, wàá tún ní ó di lẹ́yìn ọdún. Bí mo bá ń fún wàrà, màá dìde lọ wo ògiri. Bí mo bá ń po ìyẹ̀fun, màá tún dìde. Lánàá, gbogbo búrẹ́dì ló jó mọ́ mi lọ́wọ́ nínú ààrò.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ ká fi ra ìyẹ̀fun àti oògùn èèrà. Tàbí kó o kúkú fi owó náà wọ ọkọ̀ wálé, ìyẹn ló tẹ́ mi lọ́rùn. Ọlọ́run á ṣọ́ àlọ rẹ, á ṣọ́ àbọ̀ rẹ, ẹsẹ̀ rẹ ò ní gbàgbé ọ̀nà ilé.

Bó o bá sì dé, má fi ìwàǹwara jẹ búrẹ́dì ara ògiri náà. Máa rún un díẹ̀díẹ̀, ọmọ mi, torí mo mọ̀ pé bó o bá ti jẹ ẹ́ tán, màá tún gbé òmíràn síwájú rẹ kó o gé jẹ lọ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Hosiyat