Àwo Funfun Tí Bàbá Rẹ Kò Fẹ́ Jókòó Lé Mọ́

Adúmáadán, ọmọ mi,

Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti há sí mi lọ́nà ọ̀fun. Àwo ìgbọ̀nsẹ̀ tí o rà fún wa kò funfun mọ́. Gbogbo ìgbà tí o bá béèrè lórí fóònù tí mo bá ní ó ń dán bí eyín ọmọge, irọ́ ni mò ń pa. Láti ibi tí omi dé títí dé ìsàlẹ̀, ó ti pọ́n bí ẹni fi amọ̀ kùn ún.

Mo kí ọ o. Ṣé ara le? Ṣé ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ ti ń rẹ́rìn-ín? Ilẹ̀ ìlú ńlá kò ní yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Òrùlé wa kò jò mọ́, ewúrẹ́ ìyá télọ̀ bí ìbejì, ìyá náà ní kí n kí ọ. Dúró ná, mo fẹ́ yọjú wo nǹkan kan nínú ilé.

Mo ti dé. Kò tíì yí padà.

O mọ̀ pé tìtorí orúnkún bàbá rẹ lo ṣe ra àwo yìí, kó má baà máa lóṣòó ní ṣáláńgá ẹ̀yìnkùlé mọ́. Inú rẹ̀ dùn sí i àfi ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ó ní òun kò lè jókòó lé ohun tí ẹlòmíràn ṣe tí kò fọ̀. Mo bi í pé ta ni ẹlòmíràn nínú ilé èèyàn méjì. Ó wò mí, ó sì padà sí ṣáláńgá rẹ̀. Lọ́jọ́ òjò kan, ó yọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀, Ọlọ́run ló ní kó rí igi okùn aṣọ dì mú. Ó ní kí n má sọ fún ọ. Mo ti sọ ọ́.

Ni mo bá gbógun ti àwo. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo fi eérú fọ̀ ọ́, mo fi kànìnkànìn irin ha á títí apá mi fi wú. Obìnrin inú fídíò bí wọ́n ṣe ń fọ àwo, tí o fi ránṣẹ́ nígbà tí o rà á, mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò lọ́yàyà. Mo gbálẹ̀, mo wé gèlè, mo kí i kú iṣẹ́, kò dáhùn. Mo gbé fóònù sún mọ́ àwo kó lè rí tiwa, ó ṣáà ń fọ tirẹ̀ lọ. Mo kàwé o, ṣùgbọ́n ṣebí inú fóònù yìí náà ni ìwọ ti máa ń rí mi. Bàbá rẹ yọjú, ó ní ṣé gbogbo ayé ni mo fẹ́ fi ìdí wa hàn ni, mo sáré da aṣọ bo fóònù.

Obìnrin náà ní fínígà, omi kíkan inú ìgò, ló ń bó o. Mo rà á, mo dà á sí i, mo fa omi lé e kí n lè rí i dáadáa. Mo tún dà á, mo tún fa omi, títí ìgò fi gbẹ. Ìgbà tí bàbá rẹ jáde lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lónìí ni mo ránṣẹ́ pe púlọ́ńbà. Ó ní kí n ṣàlàyé bí mo ṣe ń ṣe é. Mo ṣàlàyé. Ọkùnrin náà fara ti ògiri, ó rẹ́rìn-ín títí.

“Màmá, ṣé báyìí lẹ ṣe ń rẹ aṣọ ni? Ẹ rì í sómi, ẹ tún yọ ọ́ wò?”

Ó ní kì í ṣe ìgbẹ́ ẹnikẹ́ni, ìdógùn-ún irin inú omi kànga wa ni. Ó gbọ́n omi inú rẹ̀ kúrò, ó rẹ àkísà sínú fínígà tí òun fúnra rẹ̀ gbé wá, ó tẹ́ ẹ lé ojú ibẹ̀, ó ní ó di ọ̀la. Ó ní n kò gbọdọ̀ da bílíìṣì mọ́ ọn, pé èéfín rẹ̀ lè pa èèyàn. Ó wá fi ibi tí mo fi irin ha hàn mí. Dídán ibẹ̀ ti lọ, kò ní funfun tán láéláé.

Ṣé o rí i, èmi tí mò ń tún un ṣe ni mo bà á jẹ́. Mo jókòó títí, mò ń rò ó bóyá bí mo ṣe tọ́ ìwọ náà nìyẹn. Mi ò lè fi nǹkan sílẹ̀. Bí mo bá gbin àgbàdo, mo máa ń hú u wò. Ọmọge báńkì pàápàá ti ń fapá jánú, nítorí mo máa ń lọ ní kó jẹ́ kí n fojú kan owó mi. Jọ̀ọ́, mò ń bọ̀.

Mi ò ṣí i. Etí àkísà nìkan ni mo fọwọ́ kàn.

Bí nǹkan bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi díẹ̀ ránṣẹ́ kí n ra fínígà míì àti búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀. Má fi í sí báńkì, kí n má baà tún lọ wò ó.

Ìjókòó rẹ kò ní yẹ̀ lábẹ́ rẹ. Orúkọ rẹ kò ní ní àbàwọ́n. Ohun tí o bá fi sílẹ̀ lálẹ́, rere lo máa bá a láàárọ̀.

Lọ́la, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, n ó ká àkísà náà kúrò, n ó fọ ibẹ̀. Bó funfun, bí kò funfun, n ó pe bàbá rẹ wọlé, n ó fi ojú ibi tí mo ha hàn án, n ó sọ fún un pé ọwọ́ èmi ni, kì í ṣe ìdọ̀tí. Bó bá ṣì ń rojú, èmi ni n ó kọ́kọ́ jókòó lé e níṣojú rẹ̀.

Èmi ni,
Ìyá rẹ