Irùngbọ̀n Bàbá Di Ọwọ́ Yín

Bùrọ̀dá mi,

Mo ti lọ síbi iṣẹ́. Ọ̀gá mi pè mí láàárọ̀ yìí, ó ní ẹ ti sọ fún òun pé mi ò ní wá ránṣọ mọ́, pé ilé ni n ó máa jókòó sí láti tọ́jú Bàbá. Ẹ̀yin àtàwọn àbúrò yín yòókù ti ṣèpàdé lórí ọ̀rọ̀ mi láìpè mí. Ẹ kú làákàyè o.

Mo ti mú abẹ dání láti fá irùngbọ̀n Bàbá, àmọ́ inú ń bí mi. Nígbà tí Bàbá ṣì ń ṣe onígbàjámọ̀, kí àìsàn tó mú wọn lọ́wọ́, ni wọ́n ti kọ́ mi pé a kì í fi ìbínú gbé abẹ. Mo bá gbé e kalẹ̀.

Ó kàn yín. Ẹ kọ́kọ́ fi táwẹ́ẹ̀lì gbígbóná bò wọ́n lẹ́rẹ̀kẹ́, kẹ́ ẹ tó fi ọṣẹ pa á. Tẹ́ ẹ bá ń pọ́n abẹ lára awọ tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹ̀yìn abẹ ni kó ṣáájú. Tójú ẹ̀ bá ṣáájú, awọ lẹ máa gé. Ẹ na ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn dáadáa, ẹ jẹ́ kí abẹ dùbúlẹ̀ díẹ̀, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Abẹ mọ iṣẹ́ ẹ̀, ẹ̀yin lẹ ò mọ̀ ọ́n.

Tó bá ń tù wọ́n lára, wọ́n máa ń kùn bí ẹni ń kọrin. Tí wọ́n bá dákẹ́, ẹ tètè gbọ́wọ́ kúrò.

Wọ́n ti jókòó dè yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fárí lẹ́yìn olórí, ó yá, ẹ wá fá irùngbọ̀n lójú onírùngbọ̀n.