Gbọ̀ngán Onípákó Tí Wọ́n Fẹ́ Wó

Ọmọ mi Akọ̀wé,

Kí o tó ka ìyókù, jókòó. Èmi ìyá rẹ yìí, mo ti kọrin ní gbogbo gbọ̀ngán orin tó lórúkọ nílùú yín. Ọjọ́ tí mo gbé ohùn sókè ní Gbọ̀ngán Onípákó, òrùlé ṣí, ó lọ balẹ̀ sí àdúgbò kejì, àwọn ará ibẹ̀ sì pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ṣé ara le? Ìlú tí ọkọ̀ ti ń sáré bí ẹni tí oyin ń lé, Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o ṣi ẹsẹ̀ gbé. Bàbá rẹ ń kí ọ. Òrùlé ń jò sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, mo ní kó tún un ṣe, bẹ́ẹ̀dì ló gbé kúrò, òjò tún bá a níbẹ̀. Ewúrẹ́ wa bí ìbejì, ọ̀kan jọ ọ́ gan-an nígbà tí o wà ní kékeré, orí ńlá.

Fọ́tò gbọ̀ngán tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù ti dé, inú mi dùn débi pé mo kí i. Àmọ́ iwájú nìkan ló hàn. Mo yí fóònù padà kí n lè rí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, dúdú ni. Bàbá rẹ ní bóyá ilẹ̀ ti ṣú lẹ́yìn ibẹ̀. A sá a sóòrùn títí ó fi gbóná, kò mọ́. Jọ̀ọ́, bá wa sọ fún àwọn tó ń ṣọ́ ibẹ̀ kí wọ́n tan iná ẹ̀yìn.

O ní ìgbìmọ̀ yín tó ń dáàbò bo ilé àtijọ́ máa jókòó lọ́jọ́ Ẹtì, pé onílé tuntun fẹ́ wó o fi ṣe ibi ìgbọ́kọ̀sí, ó ní Onípákó àtijọ́ ti jóná pátá, pé èyí kì í ṣe òun. Irọ́ gbuu! Èmi tí mo mọ irọ́ dáadáa ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Gbọ́ ìtàn. Àgbàlá Páànù ló kọ́kọ́ wà: tí òjò bá ń rọ̀ sórí páànù, onífèrè á tẹríba, ó rò pé òun ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún. Ilé Gílóòbù Pupa tẹ̀lé e. Àga kò tó níbẹ̀, ẹni tó bá dìde jó, ẹlòmíì ti gba ìjókòó rẹ̀, ni gbogbo èèyàn fi ń jókòó jó. Onípákó ló dé kẹ́yìn tó ta gbogbo wọn yọ, tí wọ́n bá ta jìtá níbẹ̀, eyín á máa mì lẹ́nu ẹni. Iná jó o lóòótọ́, àmọ́ iwájú ló jó, òun nìkan ni wọ́n tún kọ́. Yàrá ẹ̀yìn wà bó ṣe wà.

Fọ́ọ̀mù tí ìgbìmọ̀ yín fi ránṣẹ́ ní kí n kọ ohun tí mo ṣe níbẹ̀. Àyè rẹ̀ kéré, mo kọ ọ́ kọjá etí ìwé dé orí tábìlì. Tí wọ́n bá fẹ́ ìyókù, kí wọ́n wá gbé tábìlì.

Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ kó tó di Ọjọ́bọ̀, ìjókòó mẹ́ta, èmi, bàbá rẹ àti áyọ́ọ̀nù eléèédú mi. Ilé tí o bá dúró tì kò ní wó, ẹnu rẹ á tólẹ̀ níwájú wọn.

Ìyá rẹ ni.

Akọ̀wé, má ka ti òrùlé yẹn fún ìgbìmọ̀ o. Òrùlé kò lọ síbì kankan, mi ò sì kọrin rí. Aṣọ àwọn olórin ni mò ń lọ̀ ní yàrá ẹ̀yìn, mi ò gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé rí. Ọ̀sán ọjọ́ kan tí wọ́n ń dánrawò, orin gbé mi lọ, mo gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí pákó ilẹ̀ lábẹ́ fèrèsé, ó jó o dúdú. Imú áyọ́ọ̀nù náà ti ṣẹ́ tẹ́lẹ̀, àpá tó fi sílẹ̀ lórí pákó sì ṣẹ́ nímú bẹ́ẹ̀. Lọ wò ó. Mò ń gbé áyọ́ọ̀nù bọ̀ wá fi lé àpá náà lójú gbogbo wọn. Tí kò bá ṣe wẹ́kú, kí wọ́n wó ilé náà.

Ọ̀gá tó ni gbọ̀ngán béèrè nígbà náà ẹni tó jó pákó òun, mo ní èkúté ni. Èkúté kọ́. Èmi ni.