Wàláà Onídígí Tí Zubair Gbé Wá

Muqtadir, Àkànní, ọkọ mi,

Àsàlámù àláékùn o. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ọlọ́hun Ọba ò ní jẹ́ kí Èkó gbé ọ mì. Àwa náà wà níbí, alihamudulilahi. Fadilah ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ ní òun á ya fọ́tò lẹ́tà yìí, òun á sì fi fóònù rán an sí ọ. Mo ní kó jẹ́ kí bírò gbẹ ná, kó má lọ yí ọ láṣọ níbi iṣẹ́.

Ọmọ pọ̀ nílé o! Tí o bá dé abúlé wa báyìí, wàá rò pé ọjọ́ Iléyá ni. Àwọn ará Èkó tó ń kọ́lé láti Mówé títí dé Ọ̀fàdà ń kó ọmọ bọ̀, àwa onílé náà ò sì káwọ́ gbera. Àwọn ọ̀dọ́ yìí gbọ́n jù! Qudrah, ọmọ aládùúgbò wa, ló ya fọ́tò ìrẹsì mi sórí fóònù, kílẹ̀ tó ṣú ọkọ̀ mẹ́ta ti dé láti Arepo wá rà á. Mo yára fi àpò bo ìyókù, kí wọ́n má baà wò ó tán. Ohun tó ń dùn wá ni ilé ìwé. Yàrá kan ṣoṣo ni, Tísà Morádéyọ̀ nìkan ló sì ń kọ́ gbogbo wọn. Àwọn kan jókòó sójú fèrèsé, àwọn kan ń gbọ́ ọ láti ìta. Fadilah ní ohùn Tísà lòun mọ̀, òun ò tíì rí ojú rẹ̀ dáadáa.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọ̀gbẹ́ni kan tí ń jẹ́ Zubair dé láti ọ̀dọ̀ ìjọba, ọmọ gidi ni, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí mi. Ó gbé wàláà dání bí èyí tí ẹ fi kéwú ní kékeré, ṣùgbọ́n dígí ni tirẹ̀, ìka ló fi ń kọ ọ́, kò lo tàdáwà rárá. Ó ní ìjọba fẹ́ kọ́ kíláàsì mẹ́ta sí abúlé tí ọmọ bá pọ̀ jù sí. Mo ní ìyẹn dára. Ló bá bi mí pé ọmọ mélòó ló wà nínú agbo ilé yìí. Muqtadir, ẹ̀rù bà mí! Wọ́n ha ń ka ọmọ bí ẹni ka iṣu? Mo ní Ọlọ́hun ló mọ iye wọn, mo ṣẹ́jú sí Fadilah, kí n tó mí, gbogbo wọn ti sá wọ oko ìrẹsì. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo ìyá abúlé ṣe. Àwọn mẹ́sàn-án tí ibà ń ṣe, tí wọn ò lè sáré, nìkan ló rí. Ó kọ mẹ́sàn-án, ó dúpẹ́, ó lọ.

Àfi bí Tísà Morádéyọ̀ ṣe dé tẹkúntẹkún. Ó ní tó bá jẹ́ mẹ́sàn-án la ní, wọ́n á ti yàrá kan tó wà náà pa, àwọn ọmọ wa á sì máa sọdá títì márosẹ̀ lọ kàwé lódìkejì Mówé. O mọ bí ọkọ̀ ṣe ń sáré níbẹ̀. Mo gun ọ̀kadà, mo bá Zubair ní Ìbàfò, mo gbé kẹ́tùlù omi dání, mo ní kó gbé wàláà náà wá kí n bá a fọ̀ ọ́, kó tún un kọ. Kò gbà! Ó gbá a mọ́yà bí ọmọ tuntun, ó ń bẹ̀ mí. Mo ní bí kò bá fẹ́ kí omi rẹ̀ ṣòfò, kó gbé e mu bí hántú tí a máa ń fọ̀ lára wàláà mu, n kò ní bínú. Ó ní òun á padà wá lọ́jọ́ Jímọ̀, ṣùgbọ́n òun gbọ́dọ̀ fojú ara òun rí wọn, kóun sì kà wọ́n.

Àwọn ìyá fárígá, wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò ní nàka sọ́mọ àwọn. Èmi náà ò sì fẹ́ kó nàka sí Fadilah. Mo rò ó títí, mo wá da ìrẹsì sínú ìkòkò ńlá mẹ́rin, mo ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gbé abọ́ wá, kí Zubair máa ka abọ́. Abọ́ ò lẹ́mìí, kò sóhun tí kíkà á fẹ́ ṣe fún un. Háà, Àkànní! Bí òórùn ìrẹsì yẹn ṣe jáde, ọmọ ń tú! Láti oko, láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ tó ń bó ìrẹsì, láti ẹ́sítéètì tuntun, wọ́n ń sáré, wọ́n ń pariwo. Abọ́ tán, wọ́n gbé ìdérí ìkòkò. Ìdérí tán, wọ́n já ewé. Zubair ń kà, ó ń làágùn, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá! Tísà gbé mi sókè bí ọmọdé, èmi àgbàlagbà. Zubair fi ìka tẹ wàláà rẹ̀, ó ní ó ti dọ́dọ̀ ìjọba, kíláàsì ti di tiwa.

Ó wá rí abọ́ kan tí kò sí ọmọ nídìí rẹ̀, ó ní ti ta ni. Mo ní ti Muqtadir ọmọ mi ni. Ó bi mí pé kíláàsì wo lo wà. Mi ò lè purọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀, mo ní o ti di ọ̀gá l'Ékòó. Ó ní òun ò lè kà á mọ́ ọn. Mo ní kó fò ó, kò burú. Iléyá méjì nìyí tí o ò wálé. Mo gbé abọ́ náà wọlé, mo dé e, mo sì jókòó tì í títí mo fi kírun àṣálẹ́.

Ìrẹsì tí mo fẹ́ tà fi ra irúgbìn ni mo sè fún wọn, nítorí náà mo nílò owó irúgbìn kí òjò tó dá. Má fi sínú fóònù o, fóònù tèmi kéré, kò lè gbà á. Mú un wá fúnra rẹ.

Ọlọ́hun á ṣọ́ àlọ rẹ, á ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Á fún ọ ní aya rere, á sì fi ọmọ kún ilé rẹ débi pé abọ́ mi ò ní í tó wọn, mi ò sì ní kà wọ́n láéláé. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ròkíátù.