Ọkọ Tó Pẹ́ Dé

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹfà

Mo ti di ìyàwó o! Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni èmi àti Ráví ti fọwọ́ síwèé ní registry, tí mi ò sọ fún ẹnì kankan. Òní ni mo tó jẹ́wọ́ fún Mummy. Wọ́n sunkún, wọ́n dì mọ́ mi. Wọ́n ní àwọn á wá sí tẹ́ńpìlì àwọn Híńdù fún ayẹyẹ ìgbéyàwó ti Ráví, ṣùgbọ́n àwọn ò ní forí balẹ̀ fún ère.

Inú mi dùn débi pé mo fẹsẹ̀ rìn dé Nunhead, ní gúúsù London, láìmọ̀.

Àfi ìgbà tí ìyá Ráví pè, tí wọ́n sọ ìtàn tẹ́ńpìlì ìlú wọn létí òkun ní Íńdíà. Òòṣà obìnrin ibẹ̀ ń retí ọkọ ní òru. Ọkọ ń bọ̀ lọ́nà, àkùkọ bá kọ. Ó rò pé wákàtí tí wọ́n dá ti kọjá, ó padà sílé. Ìrẹsì àsè di iyanrìn. Títí dòní, ìyàwó ṣì dúró níbẹ̀ láìlọ́kọ.

Wọ́n ní, "Ọmọ mi, wákàtí kì í dúró de èèyàn."

Ẹbí tiwa! Níbi ìsọmọlórúkọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, abọ́ la ń fọ̀ nígbà tí Uncle Sẹmiu dé.

Mo sáré pe Mummy. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. "Ọkọ tó pẹ́ yẹn, ṣé Yorùbá ni?"

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́! Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni wọ́n dá."

"Sìdí, sọ fún àwọn ẹbí wa pé mẹ́fà ni."

Mo ti fi ránṣẹ́ sí gbogbo wọn: tí ẹ bá ti kírun àsùbá tán, ẹ máa bọ̀. Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù yìí, aago mẹ́fà àárọ̀.